Ọdún Tí Mo Fi Jẹ́ Ọ̀gá Lébẹ́ẹ̀lì

Odidi ọdún kan ni mo fi jẹ́ ènìyàn pàtàkì ní Okokomaiko. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, òun náà kò sì gbà.

Ètò kan ni àwa bíi mẹ́wàá jọ ń ṣe fún fóònù. Bí èèyàn bá tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i, ètò yìí á bá a fi àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó, kó fẹjọ́ àṣìṣe sùn, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká fi ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà á wọlé. Ọ̀gá wa tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó ń gbé ní Ìbà, òun ló ń pín àṣẹ. Ó ń pín in bí ahun ṣe ń pín ẹran.

Èmi, àṣẹ lébẹ́ẹ̀lì ló fún mi. Bí ẹjọ́ bá wọlé, èmi ni n ó lẹ orúkọ mọ́ ọn: ‘Ó kánjú’, ‘Kò kánjú’, ‘Kò yé wa’. N kò lè fọwọ́ kan lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kóòdù o. Síbẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti dá lébẹ́ẹ̀lì mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ ‘Ó kánjú díẹ̀’, òmíràn ‘Ó kánjú ju díẹ̀ lọ’.

Ni olùkọ́ kan, ìyàwó sójà ní bárékè Ọ̀jọ́, bá kọ̀wé sí wa: “Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ọkọ mi ti dé. Ètò yín sọ ‘ọkọ’ di ohun tí n kò lè pè níwájú ìyá ọkọ mi.”

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá lẹ ‘Ó ń dúró de ẹ̀rí’ mọ́ ọn. Ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Mo lẹ ‘Kò kánjú’. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi àtúnṣe gan-an ránṣẹ́, ìlà mẹ́rin péré. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ó ju agbára mi lọ. Inú bí mi. Mo lẹ ‘Ẹni tuntun’ mọ́ ọn, mo kùn ún ní pupa. Oṣù méjì ló fi wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ṣèpàdé nínú kíláàsì kan nítòsí Ìyànà Ìbà. Obìnrin náà wá, ó ní òun ti fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀.

“Mà, ta ló fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kan iṣẹ́ wa?”

“Kò sẹ́ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ nǹkan kan sórí fóònù yín, ẹ má fi àmì sí i: ọkọ màmá mi ti dé.”

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ kà á sókè fún wa, sà.”

Ọ̀gá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Wòlíì aláṣọ funfun kan tó wà láàárín wa yọjú léjìká rẹ̀, ó kígbe pé, “Jésù!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá húkọ́. Ó ní òun ìbá ti tún un ṣe tipẹ́, lébẹ́ẹ̀lì ni kò jẹ́ kóun rí i. Gbogbo ojú yí sí mi. Ká tó tú ká, àtúnṣe obìnrin náà ti wọlé, ó sì ti gba àṣẹ láti fọwọ́ kan kóòdù, èyí tí mo ti ń tọrọ látọdún tó kọjá. Wọ́n gba àṣẹ lébẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kún tirẹ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, obìnrin náà pa àwọn lébẹ́ẹ̀lì mi rẹ́, ó ṣẹ́ ku mẹ́ta. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí i láti gbèjà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fèsì: “Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹ rí àṣìṣe kankan tí ẹ lè bá wa tún ṣe?”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ọ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo ni mo tún ṣe, mo sì ṣe é lódì. Ó dá a padà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní kí n tún un wò. N kò ní sọ iye ìgbà tó dá a padà.