Bí Mo Ṣe Ṣìnà Wọ Kíláàsì Òjò

Nígbà tí mo wà níléèwé girama ni bàbá mi kó wa kúrò ní Ṣakí wá sí Ìbàdàn, a sì ń gbé ilé kan tí wọ́n háyà ní Bódìjà. Tíṣà ni bàbá mi ní iléèwé àwọn Onítẹ̀bọmi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí Bódìjà ṣe rí nígbà náà: ilé tuntun díẹ̀, igbó púpọ̀, títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ibẹ̀ ni mo ti di ọ̀dọ́bìnrin, ibẹ̀ náà ni mo sì ti wọ yunifásítì, nígbà tí òmìnira wa ò tíì pẹ́ rárá.

Bàbá mi ló yan ohun tí mo máa kọ́. Wọ́n ti rí ọ̀dọ́bìnrin kan ní báńkì ní Dùgbẹ̀, tó wọ bàtà gogoro, tó ń kọ̀wé láìgbójú sókè, ó sì wù wọ́n. Wọ́n ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni kí n kà. Mo ní ẹ ṣé, sà. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò yé mi; mo ṣáà mọ̀ pé ó kan owó.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ rú mi lójú. Àwọn kan ń lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, àwọn kan ń lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn kan Látìn, èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ nílé mọ́. Kálukú ń yára bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwa tí a fẹ́ kọ́ ọrọ̀ ajé, mi ò gbọ́. Mo tẹ̀ lé àwọn tó wà níwájú mi, mo jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo ṣí ìwé mi.

Olùkọ́ kan wọlé, Yorùbá ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa òjò: bí ìkùukùu ṣe ń ti orí òkun wá, ìdí tí òjò fi ń pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ju òkè Ọya lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Mo rò pé tó bá yá, á kan ọ̀rọ̀ owó. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ni. Ó tún ṣe díẹ̀, ó bọ́ sórí ọyẹ́, owó ò tíì dé. Mo wo ojú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jọ pé ó ń yé wọn, mo bá ń kọ ọ́ lọ. Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni pé ẹ̀kọ́ náà ti ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ yìí pe orúkọ gbogbo wa. Tèmi ò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ, kíláàsì wo lo wà?"

"Ti ọrọ̀ ajé ni, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ó ní, "Jọ́gíráfì lèyí. Òjò tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí, kí lo rò pé mo ń fi ṣe?"

"Mo rò pé tí òjò bá rọ̀, àwọn àgbẹ̀ á kórè, wọ́n á sì tà á, sà."

Ó ní ohun tí mo sọ ò burú, ṣùgbọ́n kí n lọ bá àwọn ará ilé mi sọ̀rọ̀, kí n padà wá sọ ibi tí mo fẹ́ jókòó sí.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Bódìjà. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé báńkì ni mo ti máa ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹni tó mọ̀ nípa òjò, ta ló máa gbà á síṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ fúnra rẹ, kí lo fẹ́?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún, torí mi ò mọ ìyẹn náà.

Màmá mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ní, "Bàbá rẹ̀, ṣebí télọ̀ ni bàbá yín ní kí ẹ̀yin náà ṣe."

Bàbá mi wọ awò ojú wọn padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fẹ́ padà ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Lọ jókòó síbi tí o jókòó sí." Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí ìyọ̀ǹda. Mo padà lọ bá olùkọ́ náà, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀.

Jọ́gíráfì yẹn ni mo fi ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Títí bàbá mi fi kú, tí àlejò bá bi wọ́n pé kí lọmọ yín kà, wọ́n á ní kí n wá ṣàlàyé fúnra mi.

Ayé ti yí padà. Agbowó tó wà níwájú yunifásítì ti di ilé lórí ilé, orí fóònù làwọn ọmọ ti ń yan ẹ̀kọ́. Ẹni tó ní òun fẹ́ di dókítà, yunifásítì lè ní kó lọ kọ́ nípa ẹja, á sì lọ. Èrò kún kíláàsì dé ojú fèrèsé. Ta ló fẹ́ mọ ẹni tó ṣìnà wọlé? Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dún kẹta ní yunifásítì báyìí. Mo bi í pé kí ló ń kọ́. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kíní, ó tún un sọ, mo sì mi orí. Kò yé mi. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò, bóyá ó yé òun náà.