Igba Ebè Láìmu Omi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ara ènìyàn. Dígí tín-ín-rín kan ni, kò gùn ju ìka àárín àgbàlagbà lọ, pẹ̀lú omi fàdákà kan tó ń gòkè nínú rẹ̀ bí èèrà ṣe ń gun okùn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní Ọ̀mù-Àrán, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, fà á yọ lábẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó. Mo yọjú wò ó. Omi náà ti kọjá nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan yìí ti gbà mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà náà ni inú ti ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin.

Òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Òwu-Ìsin, ó sì di dandan kó bẹ ọ̀wẹ̀ lọ sóko àna rẹ̀, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè fún un. Igba ebè ni ìpín ọkọ ìyàwó. Ní agbo ilé àna rẹ̀ yìí, wọ́n tún ní òfin kan lórí ìyẹn: ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi lóko àna títí igba náà yóò fi pé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè fara da òùngbẹ kò lè fara da obìnrin. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀!

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òjò kan ṣoṣo ti rọ̀, ó sì ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ti tún le padà, ooru ń jáde láti inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún ń mu omi nígbà tó bá wù wọ́n. Akèrègbè wà ní ìdí igi irúgbá, níbi tí mo jókòó sí. Èmi ni wọ́n fi ṣe òǹkà, nítorí mo mọ ìṣirò, mo sì fẹ́ràn kí iye nǹkan péye. Bó bá ti kọ ebè kan tán, n ó ké iye rẹ̀ sókè.

Nígbà tó kọ ọgọ́jọ, ó fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń wo akèrègbè.

"Ọkọ ìyàwó," ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "ṣé omi lo wá fẹ́ ni, àbí ọmọ wọn?"

"Ẹ fún un ní akèrègbè náà kó gbé e lọ sílé," èkejì dá a lóhùn, "kó máa pè é ní aya."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀kànlélọ́gọ́jọ!" mo ké.

Nígbà tó kọ ọgọ́sàn-án, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti ń ṣàn fún òógùn láti àárọ̀, ti gbẹ bí ògiri. Mo rò pé ara ti tù ú ni. Ebè rẹ̀ wá ń wọ́, òmíràn ò ju ìdajì lọ. Ó pè mí ní orúkọ ìyá wa. Mo rò pé ó ń ṣeré. Nígbà tó ku mẹ́rìnlá kí igba pé, ó ṣubú, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Bàbá mi àti bàbá ìyàwó sáré jáde láti inú ahéré. "Ibà ni!" ni gbogbo wọn ń ké. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ibà? Wọ́n ń fi aṣọ bo aláìsàn kó lè làágùn ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi kíjìpá méjì bo ọmọ rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n se ewé dóńgóyárò, wọ́n gbé ìkòkò náà tòun ti ooru rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Èmi ni mo fẹ́ná. Akèrègbè omi ṣì wà níbẹ̀, ó lé ní ìdajì, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀. Nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Wọ́n ní oorun ti gbé e. Ìgbà tí wọ́n jí i tí kò jí ni wọ́n tó wá ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa dé Ọ̀mù-Àrán.

"Ta ló dì í báyìí?" ni dókítà kọ́kọ́ bi wá. "Ẹ tú u! Ẹ gbé omi wá, ẹ dà á sí i lára!"

"Omi tútù kẹ̀?" bàbá mi dá a lóhùn. "Lára ẹni tí ibà ń ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni, dókítà?"

"Bàbá, ẹ ti ń sè é láti ọ̀sán."

Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Nílé, wọ́n ní ẹni tó ń bá a du ọmọbìnrin náà ló ṣe é. Agbo ilé wa àti ti ẹni náà kò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ omi. Bàbá mi gba irọ́ náà gbọ́ títí ó fi kú, mo sì bínú sí i, mo bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ náà, mo bínú sí ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń ké iye ebè sókè bí aláago.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, mo ti ń múra láti di tíṣà. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi ra irú dígí yẹn ní Ìlọrin. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ka gbogbo ìwé ìlera tọ́wọ́ mi tẹ̀, mo sì ń wọn ara gbogbo ẹni tó bá gbà fún mi. Lọ́jọ́ kan, mo gun òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra ẹ̀pà, mo lọ kọ ebè fún wákàtí mẹ́rin láìmu omi, mo sì padà wá gùn ún. Kílò méjì lé díẹ̀ ti lọ lára mi. Omi nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò bíà ńlá mẹ́rin! Ẹ tún wo ìtọ̀ yín. Bó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òùngbẹ ti ń pa yín tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòrùn tó wá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bóyá ó ń làágùn o, bóyá kò làágùn o, ẹ gbé e lọ síbi ibòji, ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ má fi aṣọ bò ó!

Ayé ti yí padà, wọ́n ní. Lóòótọ́, kò sí ọ̀wẹ̀ àna mọ́. Owó ni àwọn àna ń gbà báyìí. Ṣùgbọ́n ìwà òmùgọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ń rí ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Òrò, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn ọ̀sán, tó ń fi páráàgà pa òùngbẹ. Bí mo bá bá a wí, yóò ní ọkùnrin ni òun. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n mi náà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a kọ́ gbọ̀ngàn ìjọ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló ṣe é, èmi ni ìjọ sì fi ṣe alábòójútó wọn. Mo ní kí wọ́n máa sinmi láti agogo méjìlá sí mẹ́ta, mo sì ń pín omi fún wọn ní wákàtí wákàtí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ní wíwọ́. Mo gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Mo wọn ara rẹ̀: mọ́kàndínlógójì àti ààbọ̀, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi mẹ́tàdínlógójì. Mo da garawa omi méjì lé e lórí lójú gbogbo ènìyàn. Títí di òní, bó bá rí mi lójú ọ̀nà, ó ń wojú mi kọ́rọ́, kì í kí mi. Kó máa bínú lọ, ó kúkú wà láàyè tó fi ń bínú. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí a kan páànù rẹ̀ tán, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n.