Iṣu Gàrúbà Ṣì Wà Nínú Ebè

Ẹ fi ọmú sí ọmọ yẹn lẹ́nu kó dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ sàárà lẹ́yìn ọ̀hún, ẹ rọra máa jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gàrúbà kú. Gàrúbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìkirè níbí, ogun pa á. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan ti ogun bọ̀ ló wá sọ fún wa. Ìjọba ò rán ẹnì kankan. Bóyá ọ̀nà Ìkirè ti rú wọn lójú. Ìgbà tí wọ́n ń wá kó àwọn ọmọ wa lọ, wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n!

Kí ni Gàrúbà mọ̀ nínú ìjà? Tá a bá fẹ́ pa adìyẹ nínú ilé yìí, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń sá lọ, á fọwọ́ dí etí. Ó dìgbà tí ọbẹ̀ bá jinná kó tó yọjú. Ẹni tí wọ́n gbé ìbọn fún nìyẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Káńsẹ́lọ̀ Oyèwùmí gun àga lọ́jà Àpòmù? Àga ń ké, ikùn wọn ti ṣáájú wọn dókè. Wọ́n ní, "Ogun kékeré ni. Kẹ́ ẹ tó wa iṣu tó wà nínú ebè báyìí, àwọn ọmọ yín á ti dé." Ọjà pàtẹ́wọ́. Gàrúbà fi ebè ẹ̀ sílẹ̀, ó bá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dì mú. Àkókò iṣu tó, gbogbo ayé ń wa tiwọn. Mo ní, "Ìyá Gàrúbà, ẹ jẹ́ ká wa iṣu yìí."

Wọ́n ní, "Káńsẹ́lọ̀ ní ká tó wa iṣu lọmọ mi máa dé. Tí mo bá wa á, ṣebí èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́."

Ẹ gbọ́ o! Ìyá ń ran káńsẹ́lọ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n má baà purọ́. Iṣu yẹn jẹrà, ó tún hù, ewé ẹ̀ tún gbẹ. Títí dàná, wọ́n ṣì ń ro ìdí ẹ̀.

Nílé káńsẹ́lọ̀ ńkọ́? Odó iyán ń dún. Adésọjí ọmọ wọn, gìrìpá bí igi ìrókò, wà n'Íbàdàn, wọ́n ní àyà ń dùn ún. Ogun kékeré, àyà ò sì jẹ́ kó lọ!

Mi ò ní wọ́n mọ̀ pé yóò pẹ́. Àwọn tó rán wọn gan-an ò mọ̀. Ẹni tó bá ṣáná sígbó lẹ́ẹ̀rùn, ṣé ó mọ oko ẹni tó máa jó? Àmọ́ ẹni tí ò mọ̀, ta ló ní kó máa dá ọjọ́ fún ìyá ọlọ́mọ?

À ń ṣe fìdáù lónìí, a ò mọ sàréè. Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ta ló kírun sí i lára? Níbo ni wọ́n…

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá."

Háà. Ẹ wò wọ́n, agbádá funfun báláú. Àbíkẹ́, gbé àga yẹn padà. Káńsẹ́lọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní yàrá, oúnjẹ ò tíì kàn wọ́n lẹ́nu. Ẹ wọlé lọ bá wọn, kẹ́ ẹ sọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ọkọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà lẹ máa wa iṣu yẹn.