Gbèsè Tí A Kò Tíì Bí

Owó iṣẹ́ agbẹ̀bí ni Ìyá Agbẹ̀bí fi kọ́lé rẹ̀, kì í ṣe owó ọkọ, kì í ṣe ogún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, á sì fi agbára sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a jiyàn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí kò lè dá rìn mọ́, ló ń gbé lókè. Oníbúrẹ́dì ló háyà ìsàlẹ̀. Nígbà tí oníbúrẹ́dì fẹ́ gbé ààrò ńlá wọlé, ògiri àárín ò gbà fún un. Ìyá Agbẹ̀bí ní kó wó o. Wọ́n fi òpó irin tó bá ààrò náà wá gbé òkè dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lọ́jọ́ tí oníbúrẹ́dì bá kó jáde, òun ni yóò mọ ògiri náà padà. Yàrá ẹ̀gbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí ló wà lórí òpó náà gan-an.

Ká sòótọ́, oníbúrẹ́dì kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyẹ̀fun ló gbówó lórí, àwọn tó ń ra búrẹ́dì láwìn ò sì sanwó. Bí okòwò ṣe dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn. Kóòtù yan akáǹtáǹtì kan pé kó ta ohun tó kù, ààrò àti òpó irin rẹ̀, kó sì pín owó náà fún gbogbo ẹni tí oníbúrẹ́dì jẹ ní gbèsè. Ẹni tí kò bá tètè mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá, ìran ni yóò máa wò.

Ìyá Agbẹ̀bí ò dúró wòran. Ó lọ sí ọ́fíìsì akáǹtáǹtì, yàrá tóóró kan tí fáànù rẹ̀ ń pariwo láìfẹ́ atẹ́gùn. Ọkùnrin tó ń ta ìyẹ̀fun fún oníbúrẹ́dì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wojú ẹnikẹ́ni.

"Mama, ṣé owó ilé ló jẹ yín?" akáǹtáǹtì béèrè.

"Kò jẹ mí lówó ilé rí. Ògiri mi ni."

Oníyẹ̀fun fò dìde. "Ògiri wo? Ṣé ó ti kó jáde ni? Tèmi, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun mi ṣe búrẹ́dì, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán! Ti Mama, gbèsè ọ̀la ni. Tí ẹ bá fún wọn, tèmi ló máa dín."

"Ẹ rọra, bàbá oníyẹ̀fun," Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Oyún ni gbèsè tèmi, mo gbà. Ṣé ẹ̀yin máa ń sọ fún aláboyún pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni?"

Akáǹtáǹtì bú sẹ́rìn-ín. Oníyẹ̀fun jókòó, àmọ́ ó ṣì ń kùn.

"Òfin fara mọ́ Mama," akáǹtáǹtì wí. "Ohun tó bá ti wà nínú àdéhùn, èèyàn lè béèrè rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Bíríkìlà ti sọ iye tí ògiri máa ná yín. Ohun kan ló kù. Ẹ jẹ́ kó dá mi lójú pé oníbúrẹ́dì máa kó jáde lóòótọ́. Tó bá jọ pé ó máa dúró, mi ò lè kọ iye tó nítumọ̀ fún yín."

Ìyá Agbẹ̀bí wo oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ: pé iṣẹ́ búrẹ́dì náà ti tán, ọkùnrin náà máa kó jáde. Láti òkè ló ti ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ nídìí ààrò tí kò gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kan ń mówó bọ̀, pé àwọn máa tún dáná. Obìnrin náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó di apá aṣọ ọkọ rẹ̀ mú níbi tó jókòó sí. Gbogbo ọdún tí Ìyá Agbẹ̀bí fi gbẹ̀bí, kò sọ ọ́ rí létí ẹni tó ń rọbí pé ọmọ ò ní yè. Ìta ló máa ń pe àwọn ẹbí sí.

"Ọ̀gá, ṣé mi ò lè bá yín sọ ọ́ níta?"

"Rárá o, Mama. Níṣojú oníbúrẹ́dì lẹ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́."

Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ibùsùn, lókè òpó irin tí wọ́n fẹ́ tà. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Inú bí i sí ara rẹ̀. Òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi!

"Ẹ rí i?" oníyẹ̀fun wí. "Mama fúnra wọn mọ̀ pé kò ní lọ."

"Mò ń lọ."

Oníbúrẹ́dì ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde. "Kò sẹ́ni tó ń mówó bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi tipẹ́ pé òun ò ní. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá. Mo máa kó jáde."

Ìyàwó rẹ̀ jọ̀wọ́ apá aṣọ rẹ̀. Akáǹtáǹtì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Agbẹ̀bí bá oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú, ó ti wà ní òdìkejì títì, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Ìyá Agbẹ̀bí bi í. "Ṣé mo ní kó o tú ilé rẹ ká nítorí ògiri ni?"

"Ẹ má bínú, Mama. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ fún un nílé, mi ò lè sọ ọ́." Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ bá a. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ."

Ìyá Agbẹ̀bí náà ò mọ̀ ọ́n. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, ó sì sọdá lọ bá obìnrin náà.