Ìrọ̀rí Tí Wọ́n Kọ Àkànkẹ́ Sí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ṣòkòtò ọkọ mi lọ fún télọ̀ kan ní Newton Heath, ní Manchester níbí, kó bá mi gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé ni òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ gbà mí nímú, mi ò mọ̀gbà tí mo jókòó. Télọ̀ rò pé ó rẹ̀ mí ni. Kò rẹ̀ mí rárá. Owú àtijọ́ kan ló tún gbérí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù ra ẹ̀bùn ìkómọ, ẹ ò lè mọ bí ẹ̀rọ Màmá mi ṣe máa ń mi tábìlì oúnjẹ wa ní Wythenshawe. Nọ́ọ̀sì ni Màmá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà ní off, ó di télọ̀ nìyẹn, àwa a sì máa jẹun lórí itan. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ní school, orúkọ òyìnbó ni tíṣà ń pè mí. Bí mo bá ti délé, "Àkànkẹ́, wá jẹun" ni n ó gbọ́ láti kíṣìnnì. Oríkì mi nìyẹn, ẹnu Màmá nìkan ni mo sì ti ń gbọ́ ọ. Mo kà á sí ohun ìní mi, bíi bàtà mi àti búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọyín.

Ìgbà náà ni Àǹtí Bíọ́lá bímọ obìnrin. Student ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní Fallowfield, wọn ò sì ní pẹ́ padà sílé n'Ìbàdàn. Màmá tirẹ̀ ò rí visa gbà láti wá bá a tọ́jú ọmọ, ni Màmá mi bá dúró bí ìyá fún un. Ó mú àjákù ìró aláró rẹ̀ kan, ó ní a ó fi rán ìrọ̀rí kékeré tí ọmọ náà á gbé relé. Èmi ni mo ki òwú sínú rẹ̀, tí mo fọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa. Abẹ́rẹ́ gún mi, mi ò sunkún. Àpò ìrọ̀rí tí a ó fi wọ̀ ọ́ ni Màmá ò jẹ́ kí n rí. Ó ní orúkọ ọmọ ò gbọdọ̀ jáde kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.

Lọ́jọ́ ìkómọ, yàrá wọn kéré débi pé orí bẹ́ẹ̀dì làwọn àlejò jókòó sí. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Àǹtí Bíọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ wá fún un ní oríkì tí mo tọrọ lọ́wọ́ yín." Màmá yọ ìrọ̀rí mi jáde. Òwú pupa ló fi kọ ọ́ síbẹ̀: ÀKÀNKẸ́.

"Èmi ni Àkànkẹ́," mo sọ ọ́ sókè. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n máa kẹ́ láyé yìí ni?"

Àǹtí Bíọ́lá fà mí mọ́ra. Ó ní, "Má bínú, àbúrò mi. Bí Màmá ṣe máa ń pè ẹ́ ló máa ń wù mí. Ó ń rán mi létí ilé."

Mi ò jẹ ìrẹsì wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, tí gbogbo èèyàn ń sunkún ní airport, èmi nìkan ni inú mi ń dùn. Kódà lẹ́yìn náà, bí Màmá bá pè mí, n ó béèrè pé, "Èwo nínú wa?"

Màmá ti lọ sọ́run báyìí. Ẹlòmíràn ló ń gbé ilé Wythenshawe. Mum làwọn ọmọ mi ń pè mí, baba wọn náà ti gbà á lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pe oríkì mi: ọmọ Àǹtí Bíọ́lá tí wọ́n kọ orúkọ mi fún. Láti Ìbàdàn ló ti máa ń pè mí lórí fóònù. "Àǹtí Àkànkẹ́, ẹ káàárọ̀ mà." Ìrọ̀rí náà ti ṣá, ó ní orí rẹ̀ lọmọ òun ń sùn.

Lánàá, a ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí Bíọ́lá láti kíṣìnnì wọn: "Àkànkẹ́, wá jẹun."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá mi ń pè mí," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo di fóònù mú sétí. Mi ò tíì jowú ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.