Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é, torí pé aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí o bá gbé ṣòkòtò lọ bá a pé kí ó bá ọ tú ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á kọ́kọ́ wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "Ṣòkòtò kọ́ ló kéré, oúnjẹ ló pọ̀." Ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, wàá sì dúró gbà á. Èmi tí mo ní ilé fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí ẹ̀fẹ̀ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tí Tíṣà ilé ìwé ìlú wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló mú àbá wá pé kí a máa kó ìtàn ìlú wa jọ kí àwọn àgbà tó kú tán. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Tíṣà fúnra rẹ̀, Àǹtí Abẹ́rẹ́ àti èmi. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá níṣẹ́. Wọ́n fún wa ní yàrá kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, òrùlé rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí, ọkùnrin tó ń ta páànù ìkọ́lé, ló fi páànù tuntun bò ó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ohun rere nípa ìlú wa ni kí ẹ sọ o," ó ní. "Ohun tí àwọn ọmọ wa á gbọ́ tí orí wọn á wú."

A ní kò séwu.

Èmi ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ, Tíṣà ń kọ àlàyé sábẹ́ wọn, Àǹtí sì ń gba ohùn àwọn àgbà sínú fóònù rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà tí a fi ń mú àgbà sọ̀rọ̀. Á ní kí wọ́n mú aṣọ tó bá ya nínú ilé wá, á máa fi ọwọ́ rán an bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọn kò bá tẹjú mọ́, ọ̀rọ̀ kì í há a lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wọn máa ń fò dá: iná tó jó ilé iṣẹ́ òwú nígbà tí àwa ṣì kéré. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú níbẹ̀. Bí a bá béèrè, wọn á ní, "Iná ni o jàre. Ọlọ́run ló mọ̀." Wọn á sì béèrè bóyá a máa mu omi.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìyá kan tó yọ nínú iná náà ṣì wà láàyè, pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Èmi àti Àǹtí lọ. Ọwọ́ òsì ìyá náà ti ká kò, àwọn ìka rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Àǹtí tan fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn rẹ̀, ó gba aṣọ ìbora kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ibi tó ti ya.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fi lè jáde?"

"Géètì wà ní títì. Wọ́n máa ń tì í pa títí fèrè ìṣíwọ́ á fi dún, kí ẹnikẹ́ni má baà jí òwú gbé. A sáré débẹ̀. Aṣọ́nà dúró lódìkejì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. À ń pè é lórúkọ, à ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní fèrè ò tíì dún, pé ọ̀gá ò tíì fún òun láṣẹ. Ó ní òun ń lọ wá ọ̀gá wá. Ó lọ. Kò tètè dé."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́, Ìyá?"

"Fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbà jáde. Mo tín-ínrín nígbà yẹn. Ẹni tó tì mí sókè, òun ò yọ."

Ó wá dá orúkọ aṣọ́nà náà. Abẹ́rẹ́ dúró nínú aṣọ. Mi ò lè wo ojú Àǹtí, torí mo mọ orúkọ yẹn. Bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ máa bá a lọ, Ìyá," ni ohun tó sọ. Ó rán aṣọ ìbora náà tán, ó fi eyín gé òwú rẹ̀.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé ló tó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi kì í ti ilẹ̀kùn. Títí tó fi kú, kò sí àgádágodo kan nílé wa. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé inú rẹ̀ ló mọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù páànù ni, èmi náà wà níbẹ̀.

"Pa á rẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Òkú kì í wá jẹ́jọ́."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn géètì náà ti kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀gá ló pàṣẹ! Kí lo fẹ́ kí aṣọ́nà lásán-làsàn ṣe?"

"Ìyá náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ohùn rẹ̀."

"Ṣé aṣọ ìdílé wa lo wá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ẹ tú ká?"

Àǹtí mú fóònù rẹ̀, ó jáde.

Ó ní kí n bá òun padà lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Bí a ṣe wọlé ló kúnlẹ̀. "Ìyá, ọmọ aṣọ́nà yẹn ni mí."

Ìyá náà wò ó. "Ṣé ó sọ ọ́ fún yín rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Kò tilẹ̀ sọ ọ́ rárá?"

"Kò sọ ọ́."

"Dìde. Èmi kọ́ ni kí o máa kúnlẹ̀ fún. Àwọn tó ni ẹ̀bẹ̀ ò sí nílé." Ó yí ojú sí ògiri. "Fi í sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀."

Kò dágbére fún wa. Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kú.

Lọ́jọ́ tí a ṣí yàrá náà, èrò kún un débi pé àwọn kan dúró síta. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín sí irun orí ara wọn ayé àtijọ́. Lẹ́yìn náà Àǹtí tẹ fóònù, ohùn ìyá náà jáde. Bí ó ṣe dá orúkọ aṣọ́nà, ẹ̀gbọ́n Àǹtí dìde, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì jáde.

Ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ jóná níbẹ̀ wá dúró níwájú Àǹtí. A rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó tú bọ́tìnì kóòtù ọrùn rẹ̀, tí Àǹtí fúnra rẹ̀ rán fún un, ó bọ́ ọ, ó gbé e lé orí tábìlì, ó jáde.

Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn kan bínú nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, àwọn kan bínú torí pé ó sọ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan, wọ́n tú páànù kúrò lórí yàrá wa, wọ́n sì kó o lọ. Òjò rọ̀ kí a tó rí nǹkan fi bò ó. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí mo kó jọ wú, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àǹtí wá ègé tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, ó fi máṣíìnì rẹ̀ rán wọn pọ̀, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́, ó ń pààrọ̀ ẹ̀. Èmi àti Tíṣà gun òkè lọ tẹ́ ẹ.

"Mo ti rán aṣọ fún oríṣiríṣi èèyàn," ó ní láti ìsàlẹ̀, "mi ò rán fún ilé rí. Ẹ wò ó bóyá ó gba ìbàdí ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Ojoojúmọ́. Mi ò ṣáà lè pa á rẹ́."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Àǹtí ló rán gbogbo aṣọ ọmọ yẹn láti kékeré, títí dé ti ilé ìwé. Wọn kò pè é, wọn kò tilẹ̀ sọ fún un. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá ya fọ́tò, mo sì lọ. Nígbà tí mo ń to àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì, Àǹtí wọlé wá tọrọ sísọ́ọ̀sì. Ó rí wọn. Ó mú èyí tí ìyàwó dá dúró nínú ẹ̀, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Wọ́n rán apá aṣọ ẹ̀ fún jù," ó ní.

Ó gbé fọ́tò náà padà síbi tó ti mú un, ó sì lọ. Kò mú sísọ́ọ̀sì náà dání.