Àgò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yà Fún

Èmi ni mo jí ẹsẹ̀ bàbá alábàárù. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé n kò jí nǹkan kan, pé ijó ni mo dá sílẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa pa á.

Ìsọ̀ kékeré ni mo ní létí ọjà Arzèkè ní Parakou, níbi tí mo ti ń ta ṣájà fóònù. Iwájú mi ni bàbá náà máa ń gbà kọjá, tó bá ń ru àpò ìrẹsì bọ̀ láti ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹrù ní Zongo. Ọ̀nà ibẹ̀ há. Bó bá dé ibi tí èrò pọ̀ sí, á ké pé, "Àgò!", á fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ díẹ̀, á yí ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì yọ́ kọjá láàárín wa láìjẹ́ kí àpò náà mì. Àwa náà á dáhùn pé, "Àgò yà," a ó fà sẹ́yìn fún un. Ojoojúmọ́ là ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà ò tà, mo gbé fóònù mi dúró, mo fi orin sí i, mo ké "Àgò!", mo gbá ilẹ̀, mo yí ìdí. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àfi bí mo ṣe rí i tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jó o. Ó dé Kùtọnu. Àwọn ará Abidjan fi èjìká kún un, àwọn ará Èkó mú kó yá sí i. Mo rí ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jó o nínú yìnyín, tó ń pe àgò bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ijó náà fi máa padà dé Parakou, díẹ̀ ló kù kí èmi gan-an má dá a mọ̀. Àwọn kan ní Abidjan ló ti wá, àwọn kan ní Èkó ni. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò mi pé, "Èmi ni mo dá a sílẹ̀. N kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa fídíò. Ohun tó ṣáà rí ni pé, bó bá ti ké "Àgò!", kò sẹ́ni tó ń yà mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń jó níwájú rẹ̀, tòun ti ẹrù lórí.

"Bàbá, ẹ tún un ṣe, kí n ya fídíò yín," ọmọge kan wí.

"Ọmọ mi, yà ni mo ní kí o yà. N ò ní kí o ya nǹkan kan."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i tó ṣubú. Àwọn oníjó dí ọ̀nà mọ́ ọn, òun ló wá ń yà fún wọn, ló bá fẹsẹ̀ kọ etí gọ́tà. Àpò náà já lé e lórúnkún.

Mo lọ kí i nílé ní Zongo. Orí ẹní ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìwọ lo kọ́ wọn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ara yín ni mo ti wò ó."

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Èmi náà ò dá a. Ara ẹṣin àwọn Bàrìbá ni mo ti wò ó lọ́mọdé, nígbà ọdún wọn. Ẹṣin tó bá gbé ọmọ ọba kì í sáré láàárín èrò, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn. Mo ní, háà, èyí á dáa fún ẹrù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ò gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹṣin."

Nígbà tí mo padà sí ìsọ̀, mo pa ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo kọ ibi tí ijó náà ti wá. Bóyá èèyàn díẹ̀ kà á. Ijó mìíràn ti dé láti ibòmíràn, wọ́n ti gbàgbé tiwa.

Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló ń rù. Orúnkún yẹn kì í jẹ́ kó yí ìbàdí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀, kì í sì í ké sí ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ti rí i lókèèrè, màá dìde, màá kó àga mi kúrò lọ́nà, màá dúró. Á kí mi, á kọjá. "Àgò yà" tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ṣì wà lẹ́nu mi.